Ẹ Fún Wọn ní Oṣù Méjìdínlógún: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ JAMB

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní JAMB, ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kí n tó máa ro ẹjọ́ rẹ̀: kí ọ̀sẹ̀ tí UTME, ìdánwò àbáwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, yóò wáyé, ìwé ìtàn tí ẹ máa bi àwọn ọmọ léèrè, àti gbogbo ìlànà tó de ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò náà, ti di mímọ̀ ní oṣù méjìdínlógún ó kéré tán kí ìdánwò tó dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti kéde wọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, àfi bí ohun tó ju agbára lọ bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọmọ tó ń gba fọ́ọ̀mù yín ni yóò jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ni àìtètè-mọ̀ yìí ń pa lára jù.

Ẹ̀yin lẹ ni ìdánwò, ẹ ò nílò kí n máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Àmọ́ lẹ́tà tí gbogbo ayé lè kà ni èyí, ọ̀pọ̀ òbí tó sì ń sanwó fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún ni kò tíì rí ojú kọ̀ǹpútà tí ọmọ wọn ń jókòó sí iwájú rẹ̀. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì péré ni. Ọmọ tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn yóò dáhùn 60 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò dáhùn 40 nínú Bàọ́lọ́jì, 40 nínú Kẹ́mísìrì, 40 nínú Físíìsì. Ẹ pín in wò: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn ni yóò ti ka ìbéèrè tán, tí yóò ṣe ìṣirò tó bá wà níbẹ̀, tí yóò tẹ A tàbí B tàbí C tàbí D, tí yóò sì tẹ N kí òmíràn lè yọjú. Kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ ìṣirò tirẹ̀ wọlé. Èyí tí ẹ gbé sójú kọ̀ǹpútà ni yóò máa tẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ aago ọwọ́. Ọmọ tó mọ nǹkan náà, ṣùgbọ́n tó ní láti wo òkè àjà kó tó rántí rẹ̀, àkókò ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìmọ̀ tó ti wọ ara ni ìdánwò yìí ń wá, ohun tí kò bá sì tíì wọ ara, oṣù mẹ́ta kò tó láti kì í bọ inú rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ mìíràn, máàkì 200 lè gbé e dé ibì kan. Fún ẹni tó fẹ́ di dókítà, 200 kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú èsì 1,955,069 tí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe tó wáyé, àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ kan, bíi mẹ́fà nìyẹn. Àwọn mẹ́fà yìí kan náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó lórúkọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà ní ààlà, nítorí àjọ MDCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ló ń fi gbèdéke sí i. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn: wọ́n á fi mẹ́jọ pín máàkì UTME, wọ́n á fi méjì pín máàkì Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 320 lọ́dọ̀ yín mú 40 wọlé, ẹni tó gba 280 mú 35. Máàkì márùn-ún péré ló wà láàárín wọn, àmọ́ kí ẹni ẹ̀yìn tó lè bá ẹni iwájú, ó gbọ́dọ̀ fi máàkì mẹ́wàá borí rẹ̀ nínú ìdánwò kejì. Gbogbo èyí kò tíì kan WAEC o, níbi tí wọ́n ti ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù kì í ṣe ìyànjú tí olùkọ́ ń fi kún ọ̀rọ̀ lásán. Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí náà. Ó rí i pé wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun téèyàn há sórí ń fò lọ, àti pé ohun téèyàn ń padà sí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ń pẹ́ lórí ju ohun tó jókòó tì lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kà. Apá kan tún un kà. Apá kejì pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé rántí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tún un kà rántí 42. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń ka ìwé kan náà ní àkàtúnkà lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò fi máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìwádìí kẹta ló kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2008, Nicholas Cepeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ènìyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ wo iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàárín kíkà àkọ́kọ́ àti kíkà kejì. Èsì wọn ni pé kò sí iye ọjọ́ kan tó dára fún gbogbo ènìyàn. Bí ìdánwò bá ṣe jìnnà tó ló ń sọ ọ́. Bí ìdánwò yóò bá wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àlàfo ọjọ́ kan ló ṣe dáadáa jù. Bí yóò bá wáyé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, nǹkan bí ọjọ́ 11 ni. Bí ó bá tó ọdún kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbé yẹ̀ wò: ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìdánwò kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó padà sí ohun tó kà. Aránṣọ tí wọn ò sọ ọjọ́ ìnáwó fún kò lè sọ ọjọ́ tí yóò gé aṣọ. A ń bá àwọn ọmọ wí pé wọn kò ní ètò ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ètò náà ìbá dá lé lórí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ SS2 kan sójú, ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́, tó jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ àṣetiléwá, wákàtí kan àtààbọ̀ péré ló kù sí i lọ́wọ́ lójúmọ́. Kó fi ọjọ́ kan sinmi lọ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́sàn-án ló kù. Oṣù méjìdínlógún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 78. Wákàtí 702 nìyẹn, tí kò sì dí oorun rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka wákàtí 702 kan náà láàárín oṣù mẹ́ta, wákàtí 54 ni yóò kà lọ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, láìyọ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ilé-ìwé dé, nígbà tí WAEC náà ti ń wọlé bọ̀. Kò sí ọmọ tó lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fo orí-ọ̀rọ̀ tó bá le, wọ́n á há ìdáhùn ìbéèrè àtijọ́ sórí, wọ́n á sì máa gba ààwẹ̀.

Sílábọ́ọ̀sì yín gan-an bá oṣù méjìdínlógún mu. Orí-ọ̀rọ̀ 18 ló wà nínú ti Kẹ́mísìrì, láti orí yíya àwọn èròjà tó pò pọ̀ sọ́tọ̀ títí dé Kẹ́mísìrì ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Bí ọmọ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 36 ni yóò fi ká gbogbo rẹ̀. Ti Físíìsì ju ọgbọ̀n lọ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kúrú, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fún wọn. Bàọ́lọ́jì pín sí ìsọ̀rí ńlá márùn-ún, ó sì fẹ́ sùúrù ju ìṣirò lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, kí SS2 tó parí, ọmọ náà ti lè rin gbogbo rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan. Ọlidé gígùn wà fún ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Táàmù kìíní SS3 wà fún ìbéèrè àtijọ́, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Oṣù mẹ́rin tó gbẹ̀yìn wà fún kọ̀ǹpútà àti aago: wákàtí méjì, ìbéèrè 180, títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ bọ́tìnnì mẹ́jọ yín láìwò wọ́n, A sí D láti fi dáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, àti S àti R.

Kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń wọ ara, ẹ wo orí-ọ̀rọ̀ kan péré, àjogúnbá. Bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS. Kí ni àwọn ọmọ wọn lè jẹ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìwé, yóò ya àpótí alójú mẹ́rin, yóò kọ AA, AS, AS àti SS sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìwé wà ní pípadé. Kó tún un yà lórí bébà òfìfo. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kó wá ìbéèrè àtijọ́ mélòó kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti yí i padà fún un, ìyá ti di SS, bàbá ṣì jẹ́ AS, wọ́n sì ń béèrè ìdá tí yóò jẹ́ SS nínú àwọn ọmọ. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà, ó ti ń bá a pàdé láàárín ìbéèrè iná mọ̀nàmọ́ná àti ìbéèrè ásíìdì, tí kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún un pé àjogúnbá ló kàn. Tó bá máa fi dé iwájú kọ̀ǹpútà yín, kò ní ya àpótí kankan mọ́; láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ó ti tẹ lẹ́tà rẹ̀. Ọgbọ̀n tó ṣẹ́kù ni yóò fi san gbèsè Físíìsì. Ìgbà márùn-ún tó bá a pàdé yìí, kò sí èyí tó gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú wọn. Oṣù tó wà láàárín wọn ni kò ṣeé rà lọ́jà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ọmọ ń bá pàdé lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Ní 2018, oṣù kẹta ni UTME wáyé. Ní 2021, ó di oṣù kẹfà. Ní 2022, oṣù karùn-ún. Mo mọ̀ pé àrùn Kòrónà ló da kàlẹ́ńdà 2021 rú, n kò ní fi ìyẹn sí yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ìkàwé rẹ̀ nígbà náà kò lè mọ̀ bóyá oṣù kẹta ló ń sáré bá ni tàbí oṣù kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ kan náà, 24 oṣù kẹrin, ni WAEC àti UTME jọ bẹ̀rẹ̀. Àjọ méjèèjì kò rí ọjọ́ mìíràn yàn, àfi ọjọ́ tí ọmọ kan náà yóò máa sáré láti gbọ̀ngàn ilé-ìwé rẹ̀ lọ sí ibùdó kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún burú ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ. Ní oṣù keje 2024, níbi ìpàdé lórí ìlànà ìgbaniwọlé, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, kéde pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò ní máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ́. Ariwo ta, wọ́n ní kí wọ́n ṣì fi 16 lò ó lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Tunji Alausa ti gba ipò, ó sì ní 16 ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye ọdún tó tọ́. Ohun tí mò ń wò ni ọmọ ọdún 15 kan tó wà ní SS2 láàárín oṣù mẹ́rin yẹn: ṣé kó máa kàwé fún ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ ni, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ títí yóò fi pé 18? Kò sí ètò tó lè dúró lórí ilẹ̀ tó ń mì báyìí. Ìwé ìtàn nìkan lẹ ṣe dáadáa díẹ̀ sí. Ẹ lo The Life Changer tí Khadija Abubakar Jalli kọ láti 2021 títí di 2024, ẹ wá gbé The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ wọlé ní 2025. Ọdún mẹ́rin lórí ìwé kan fi hàn pé ẹ lè fi nǹkan sójú kan bí ẹ bá fẹ́. Ohun tó kù ni kí ọjọ́ tí ìwé kan yóò parí, àti orúkọ èyí tó máa rọ́pò rẹ̀, wà lákọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ti oṣù karùn-ún 2025, kì í ṣe láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ìhà gúúsù ìlà-oòrùn. Ọmọ 379,997 ló kàn. Ọ̀gá àgbà yín jáde sí gbangba ní 14 oṣù karùn-ún, ó gbà pé àṣìṣe wáyé, ó tọrọ àforíjì. Ó ṣọ̀wọ́n kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ó sì yẹ ká kí i fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì. Ọmọ tó ti kó ìwé UTME sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ti kọrí sí WAEC tó wà lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n ní kó tún wá jókòó fún Físíìsì àti Kẹ́mísìrì lọ́jọ́ kejì sí ìgbà tó gbọ́. Àṣìṣe kò ṣeé fi òfin dí pátápátá, mo gbà. Àmọ́ bí òfin oṣù méjìdínlógún bá ti wà, ọ̀sẹ̀ àtúnṣe náà ìbá ti wà nínú kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá lò ó, bí a ò bá lò ó.

Ẹ máa sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé àwọn kan ń ṣe é, wọn ò sì jìnnà sí yín. WAEC ń fi ọdún márùn-ún sórí àwọn ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀: èyí tí wọ́n lò láti 2021 títí dé 2025 wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti 2026 sí 2030 náà wà. Àwọn ará Cambridge tó ń ṣe ìdánwò A Level máa ń kọ àwọn ọdún tí sílábọ́ọ̀sì kan wà fún sára èèpo iwájú rẹ̀. Ní Íńdíà, níbi tí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ti jókòó fún NEET, ìdánwò ìṣègùn tiwọn, ní 2024, wọ́n kéde ọjọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2023: 5 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe é. Oṣù méje lé ni ìyẹn, kò tíì tó ohun tí mò ń béèrè, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí àwa ń rí gbà lọ.

Ẹni tó bá mọ ìtàn NEET 2024 yóò ti dá mi lóhùn pé ìdánwò yẹn kan náà ni ìbéèrè ti jò, tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ń bà nìyí: bí a bá tètè sọ ọjọ́, àwọn oníjìbìtì yóò tètè múra. Ẹ wo bí ti Íńdíà ṣe ṣẹlẹ̀: àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni àwọn olè jí bébà náà nílé-ìwé kan ní Hazaribagh. Olè ìdánwò kò wá ọjọ́. Ìbéèrè ló ń wá. Ọjọ́ kì í ṣe àṣírí rí, nítorí bó pẹ́ bó yá ẹ máa kéde rẹ̀, oṣù mẹ́ta sì tó olè láti wá ẹni tí yóò fún lówó. Ẹni tí oṣù mẹ́ta kò tó ni ọmọ tó fẹ́ ka ìwé rẹ̀ ní tòótọ́.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, mo sì gba apá kan rẹ̀. Wọ́n ní sílábọ́ọ̀sì yín kì í sáà yí padà lọ́dọọdún, ọmọ tó bá gbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ láti SS1 láìdúró de ìkéde kankan. Òótọ́ ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó ṣáá; orí-ọ̀rọ̀ 18 ti Kẹ́mísìrì yẹn wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni bíbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ṣíṣètò. Bíbẹ̀rẹ̀ kò nílò ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ ìgbà tí yóò dá kíkà tuntun dúró, tí yóò bọ́ sórí ìbéèrè àtijọ́, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ìyẹn wá, láti ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tó rò pé oṣù kẹfà ni, tí ó wá bọ́ sí oṣù kẹrin, apá tó pàdánù nìyẹn: oṣù méjì tí ìyára ọwọ́ ìbá fi wá.

Wọ́n tún ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá nílẹ̀ yìí, owó ìṣúná lè máà jáde, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn èyí. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá. Láàárín ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà, ní oṣù karùn-ún, ẹ ṣe UTME yín láìsí wàhálà. Láti 2023 wá dé 2025, ìparí oṣù kẹrin ni ẹ gbé e sí lọ́dọọdún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣà. Ohun tí mò ń béèrè kò ju kí ẹ sọ àṣà náà di òfin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ohun tó ju agbára lọ bá ṣẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ẹni tó ti múra tán lè dúró. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ fà á sẹ́yìn.

Àwọn kan yóò ní oṣù méjìdínlógún yóò jẹ́ kí ọmọ máa sùn, pé bí wọn kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìdánwò, wọn kì í ṣíwèé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. N kò rò pé ó yẹ kí a fi ìyà ẹni tó ń sùn jẹ ẹni tó jí. Ẹ tún wo ẹni tí ìkéde tó pẹ́ ń ṣe láǹfààní: ilé lẹ́sìnnì. Bí ìdánwò bá ku oṣù mẹ́ta, gbogbo ògiri láti Ìwó Road dé Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn á kún fún bébà wọn, “a dájú pé ẹ máa gba 300”. Òbí tó bá lówó yóò san án, yóò gba olùkọ́ Físíìsì sílé, yóò ra kọ̀ǹpútà, a ó sì fi owó dí ihò tí àkókò ṣí sílẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ kò lè fi owó dí i. Ìwé àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n lò, sílábọ́ọ̀sì tí wọ́n rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àti wákàtí kan àtààbọ̀ lójúmọ́ ni ọmọ tirẹ̀ ní. Irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, àkókò gígùn ló nílò. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń dín arọ kù láàárín àwọn tó ń yè é, tí ẹ sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò.

Ẹni kan lè sọ pé gbogbo èyí kò wúlò, nítorí bí gbogbo ọmọ bá gba 320, àyè tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. N kò lè jiyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyè jẹ́ ti MDCN, ti yunifásítì àti ti ìjọba tó ń kọ́ ilé ìwòsàn. Àmọ́ ohun tí ọmọ fi oṣù méjìdínlógún kà ń sin ìdánwò mẹ́ta pọ̀, WAEC, UTME àti Post-UTME, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò rí ìṣègùn wọ̀ yóò ní ìpìlẹ̀ tó fi lè ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, tàbí ìmọ̀ oògùn, tàbí kó gba ọ̀nà JUPEB, ètò ìpalẹ̀mọ́ fún yunifásítì, padà wá. Lónìí, ọmọ tí kò bá wọlé ń padà jókòó fún ọdún kan, ó ń gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó tún ń sáré oṣù mẹ́ta kan náà.

Ó ku ti àwọn yunifásítì. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe Post-UTME, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í sọ ọjọ́ rẹ̀ títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń pe ìpàdé ìlànà tí gbogbo wọn ń wá jókòó sí lọ́dọọdún. Ẹ lè ní kí wọ́n yan ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo Post-UTME ìṣègùn yóò máa wáyé, kí òun náà sì wọ inú kàlẹ́ńdà oṣù méjìdínlógún. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yunifásítì kò ní fẹ́ kí JAMB máa pàṣẹ ọjọ́ fún wọn. Wọ́n á kùn, wọ́n á sì gbà, bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ máàkì tó kéré jù lọ tí ẹ jọ ń fẹnu kò lé lórí níbẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, àwọn ọmọ kan yóò wọ SS2. Àwọn ni yóò ṣe UTME nígbà tí wọ́n bá wà ní táàmù kejì tàbí kẹta SS3. Oṣù méjìdínlógún tí mò ń sọ yóò bẹ̀rẹ̀ kí táàmù kìíní wọn tó parí. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe WAEC kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò pé kò ní kọlu tiwọn, ẹ fi ìwé ìtàn àti ọjọ́ orí sí i, ẹ gbé e sí ojú ìtàkùn yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dé ara pátákó ìkéde gbogbo ilé-ìwé girama kí oṣù kẹwàá tó parí.